Òtẹ́ẹ̀lì Ni Mo Lọ Sùn, Mo Sọ Fún Ìyá Ọkọ Mi Pé Àpérò Ni

Ẹ̀yin òǹkàwé, mo kí yín o. Ọ̀rọ̀ kan ti wà nínú mi láti ọdún tó kọjá. Mo ti gbìyànjú láti gbàgbé rẹ̀, kò ṣeé gbàgbé, torí pé ìgbàkígbà tí mo bá rántí rẹ̀, ẹ̀rín ló ń pa mí. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ má tíì bínú sí mi. Mo mọ̀ pé ẹni tó ń jẹ́wọ́ kì í rẹ́rìn-ín. Inú mi ń dùn, ojú sì ń tì mí, n kò mọ èyí tí n ó fi síwájú.

Mo purọ́ fún ìyá ọkọ mi. Ohun tó mú mi sọ ọ́ báyìí ni pé ní ọjọ́ Ìṣẹ́gun tó ń bọ̀ yìí, irọ́ náà yóò hàn sí gbangba bí n kò bá wá nǹkan ṣe sí i.

Ẹ jẹ́ kí n bẹ̀rẹ̀ láti ìdí rẹ̀. Ọmọ Àkúrẹ́ ni mí, Àkúrẹ́ náà la sì ń gbé, ṣùgbọ́n ọmọ Oǹdó ni mo fẹ́. Ó di ọdún mọ́kàndínlógún. Iṣẹ́ ìjọba ni mò ń ṣe. Ọmọ mẹ́ta ni Ọlọ́run fún wa, Tolú ni àgbà wọn. Ìyá ọkọ mi, tí gbogbo wa ń pè ní Màmá, ń gbé ní Oǹdó nínú ilé tí bàbá tó ti dolóògbé kọ́ sílẹ̀. Olùkọ́ àgbà ni wọ́n kí wọ́n tó fẹ̀yìn tì. Títí di òní, bí ọmọ ọmọ wọn bá kọ lẹ́tà sí wọn, wọn yóò fi bírò pupa tún un ṣe, wọn yóò sì dá a padà.

Ní ìparí ọdọọdún, àwọn ọmọ Màmá máa ń wálé ṣe ìdúpẹ́ ìrántí bàbá wọn. Àǹtí Èkó ń bọ̀, Bọ̀dá Àbújá ń bọ̀, tìyàwó tọkọ, tọmọtọmọ. Bí mo ṣe ń pè wọ́n nìyẹn, torí ìyàwó ilé kì í pe àwọn ará ilé ọkọ lórúkọ. Ilé Oǹdó kò gba gbogbo wọn mọ́, wọ́n sì fẹ́ràn ibi tí iná kì í ti í lọ. Nítorí náà, òtẹ́ẹ̀lì ńlá kan ní Àkúrẹ́ ni wọ́n máa ń dé sí. Láàárọ̀, wọn yóò wa mọ́tò lọ sí Oǹdó. Nírọ̀lẹ́, wọn yóò padà wá. Èmi tí mo wà ní Àkúrẹ́ ni wọ́n máa ń rán. "Ìyàwó wa, bá wa gba yàrá o." Wọn yóò fi owó ránṣẹ́, èmi yóò lọ san án.

Lọ́jọ́ tí mo kọ́kọ́ lọ, ọmọbìnrin tó ń gba àlejò níbẹ̀ bi mí bóyá mo ní nọ́ńbà pọ́íǹtì. Mo ní kí ló ń jẹ́ bẹ́ẹ̀. Ó ṣàlàyé pé bí èèyàn bá ti ń sanwó yàrá, òtẹ́ẹ̀lì á máa fi pọ́íǹtì sí nọ́ńbà fóònù rẹ̀. Bí pọ́íǹtì náà bá wá pọ̀ tó, olúwarẹ̀ á sùn níbẹ̀ lọ́fẹ̀ẹ́.

"Nọ́ńbà ta ni kí n kọ, mà?"

Ẹ̀yin èèyàn mi, n kò ronú rárá. Nọ́ńbà mi ni mo pè fún un.

Owó Àǹtí Èkó, owó Bọ̀dá Àbújá, nọ́ńbà tèmi. Ọdún mẹ́ta ni mo fi ṣe bẹ́ẹ̀. Kò sẹ́ni tó bi mí, èmi náà kò sì sọ. Mo ń sọ fún ara mi pé níbi tí a bá ti ń ṣiṣẹ́ la ti ń jẹ. Ṣé irọ́ ni? Ṣùgbọ́n bó bá jẹ́ ohun tó mọ́, kí ló dé tí mo máa ń da ojú fóònù mi dé bí àtẹ̀jíṣẹ́ òtẹ́ẹ̀lì bá wọlé tí ọkọ mi sì wà nítòsí?

Bí ẹnikẹ́ni nínú yín bá rò pé ohun ọ̀fẹ́ ni pọ́íǹtì, ẹ jọ̀ọ́, ẹ gbọ́ tẹnu mi. Nígbà tí mo fẹ́ lò ó, wọ́n ní kí n wọlé sórí íńtánẹ́ẹ̀tì àwọn. Mo ti gbàgbé pásíwọ́ọ̀dù. Wọ́n ní àwọn yóò fi nọ́ńbà àṣírí kan ránṣẹ́ sí mi, síìmù mi àtijọ́ ni wọ́n sì fi ránṣẹ́ sí, síìmù tí mo ti yọ jù sínú agolo bọ́tìnì nígbà tí mo yí nọ́ńbà padà. Mo da bọ́tìnì sórí bẹ́ẹ̀dì, mo ń tú u. Kí n tó rí i, kí n tó fi í sínú fóònù, wọ́n ní àkókò ti kọjá. Mo pe nọ́ńbà tí wọ́n ní kí n pè. Orin ni wọ́n ń kọ sí mi létí. Mo gbọ́ orin títí ẹ̀wà tí mo gbé kaná fi jóná, mo sì sọ fún àwọn ọmọ pé iná gáàsì ló le jù.

Nígbà tí mo wá rí ọ̀nà wọlé, kò sí ọjọ́ tó ṣeé gbà. Ìparí ọ̀sẹ̀, wọn kò gbà. Àsìkò ọdún, wọn kò gbà. Oṣù mẹ́ta ni mo fi ń pè wọ́n. Ìgbẹ̀yìn rẹ̀, wọ́n ní ọjọ́ Ìṣẹ́gun àti Ọjọ́rú kan ṣí sílẹ̀, àti pé bí oṣù náà bá fi parí tí n kò lò ó, gbogbo pọ́íǹtì mi á parẹ́. Ẹ wò ó, ohun tí kì í ṣe tèmi, mo wá ń sáré kó má bọ́ lọ́wọ́ mi.

Kí wá ni ìyàwó ilé ń wá níta fún ọjọ́ méjì láàárín ọ̀sẹ̀? Bí mo bá ní ìsìnkú ni, wọn yóò bi mí ta ló kú. Bí mo bá ní iṣẹ́ ni, ọkọ mi mọ ọ̀gá mi. Ó ku ohun kan ṣoṣo tí ẹnikẹ́ni kì í bi obìnrin léèrè lé lórí nílé wa. Mo gba ààyè níbi iṣẹ́, mo sì sọ nílé pé ìjọ mi ń ṣe àpérò àwọn ìyá ní Ìjàrè. Ìjọ tí mò ń lọ ní Àkúrẹ́ yàtọ̀ sí ti Màmá, n kò sì rò pé ẹnikẹ́ni á wádìí.

Ẹ ó bi mí pé kí ló dé tí n kò sọ fún ọkọ mi. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ gbọ́ mi yé. Èèyàn dáadáa ni. Ṣùgbọ́n kò lè fi ohunkóhun pamọ́ fún ìyá rẹ̀, bẹ́ẹ̀ ni bí mo bá mú un dání, èmi náà ni n ó máa bá a wá ìbọ̀sẹ̀ rẹ̀ nínú òtẹ́ẹ̀lì. Ó ti rẹ̀ mí. Ọkọ àti ọmọ kò sú mi o. Bí wọ́n ṣe ń pè mí ló rẹ̀ mí. "Mọ́mì, níbo ni tèmi wà?" "Ìyá Tolú, ṣé o rí kọ́kọ́rọ́?" Mo fẹ́ wà níbi tí ẹnikẹ́ni kò ti ní pè mí fún ọjọ́ méjì péré.

Ibi tí ọ̀rọ̀ ti wá burú rèé. Màmá gbọ́ pé àpérò ni mò ń lọ, inú wọn dùn, wọ́n sì wọ ọkọ̀ láti Oǹdó wá bá mi tọ́jú àwọn ọmọ. Obìnrin tó ti lé ní àádọ́rin ọdún. Ní àárọ̀ ọjọ́ Ìṣẹ́gun yẹn, wọ́n gbàdúrà lé mi lórí lẹ́nu ọ̀nà. Mo kúnlẹ̀, mo ń ṣe àmín. Wọ́n tún ki Bíbélì tiwọn bọ inú báàgì mi, wọ́n ní kí n lò ó torí pé lẹ́tà inú rẹ̀ tóbi ju ti tèmi lọ.

Mo gun ọ̀kadà. Kò tó ìṣẹ́jú mẹ́wàá tí mo fi dé òtẹ́ẹ̀lì.

Ẹ jọ̀ọ́, ẹ jẹ́ kí n sọ òtítọ́ tán. Mo gbádùn rẹ̀. Mo gbádùn rẹ̀ débi pé n kò mọ bí mo ṣe máa kọ ọ́. Omi gbígbóná ń tú jáde lára ògiri. Wọ́n fi aṣọ funfun gígùn kan kọ́ sẹ́yìn ilẹ̀kùn, mo wọ̀ ọ́, mo di ìgbànú rẹ̀, mo wo ara mi nínú dígí, mo sì jó. Kò sí orin, mo jó bẹ́ẹ̀. Oúnjẹ kò sí nínú pọ́íǹtì, mo ti mọ̀ tẹ́lẹ̀, mo ti di gaàrí àti ẹ̀pà sísàlẹ̀ báàgì. Ife gíláàsì wọn ni mo fi mu gaàrí náà, omi inú fíríìjì wọn tó tutù yinyin ni mo sì dà sí i. N kò tíì mu gaàrí tó dùn tó bẹ́ẹ̀ rí láyé mi.

Ní aago méjì ọ̀sán, òjò bẹ̀rẹ̀ sí í rọ̀. Mo dùbúlẹ̀ sáàárín bẹ́ẹ̀dì, mo na ọwọ́ na ẹsẹ̀. Aago mẹ́fà ti fẹ́ lù kí n tó jí. Ẹnikẹ́ni kò pè mí. Mo sunkún díẹ̀, ayọ̀ ni mo fi ń sunkún. Nígbà tí mo dìde, mo dúró lójú fèrèsé, mo sì ń rí tánkì omi aláwọ̀ búlúù ilé wa lọ́ọ̀ọ́kán. Mo mọ̀ pé Màmá wà níbẹ̀, bóyá wọ́n ń gúnyán fún àwọn ọmọ mi. Ọkàn mi gún mi. Mo fa aṣọ fèrèsé dé, mo padà lọ sùn.

Ní Ọjọ́bọ̀ tí mo padà sílé, Màmá di èjìká mi mú, wọ́n wojú mi dáadáa.

"Ìyàwó mi, wo káre. Ojú ẹ ń dán. Ẹ̀mí ti ṣiṣẹ́ níbẹ̀ yẹn."

Mo ní ó ṣiṣẹ́ o, Màmá. Wọ́n mi orí, wọ́n wá bi mí pé,

"Ọjọ́ wo lo ń bọ̀ ní Oǹdó wá jábọ̀ fún wa?"

N kò ronú dé ibẹ̀. Nínú ẹgbẹ́ àwọn ìyá ní ìjọ Màmá, ẹnikẹ́ni kì í lọ sí àpérò kó dákẹ́. Ẹni tó bá lọ gbọ́dọ̀ wá dúró síwájú ẹgbẹ́, kó sọ ohun tó kọ́, kí ẹni tí kò ráyè lọ náà lè jẹ nínú rẹ̀. Mo mọ àṣà yìí. Mo ti bá wọn jókòó gbọ́ ìjábọ̀ rí. Nínú gbogbo irọ́ tó wà láyé, èyí tó ní ìjábọ̀ nínú ni mo lọ mú. Màmá sì ti fi orúkọ mi sílẹ̀ lọ́dọ̀ ìyá tó jẹ́ ààrẹ ẹgbẹ́.

Ọjọ́ Àbámẹ́ta ni mo lọ jábọ̀ ní Oǹdó. Mo wo àwọn ìyá tó jókòó síwájú mi pẹ̀lú ìwé àti bírò lọ́wọ́, mo rí i pé n kò lè hùmọ̀ oníwàásù tí kò sí, kí n tún wá fi Ọlọ́run ṣe ẹlẹ́rìí. Ohun kan ṣoṣo tí mo kọ́ ní òtẹ́ẹ̀lì, òun ni mo sọ. Mo ka ìtàn Màtá àti Màríà. Mo wá bi wọ́n pé, "Ẹ̀yin ìyá mi, ta ni nínú yín tó jókòó lọ́sẹ̀ yìí, tó mu ife omi kan tán láìjẹ́ pé ẹnì kan pè é?"

Ìyá kan láti ẹ̀yìn wá ní, "Ọmọ mi, bí mo bá jókòó, wọ́n á ní ara mi ò yá." Gbogbo ilé bú sẹ́rìn-ín.

Ìgbà tí mo rí ẹ̀rín yẹn ni ẹnu mi yọ̀. Mo ní kí kálukú mú ọ̀sán kan lọ́sẹ̀, kó pa fóònù, kó ti ilẹ̀kùn, kó dùbúlẹ̀, kó má sì bẹ ẹnikẹ́ni. Wọ́n ń kọ ọ́ sílẹ̀. Wọ́n bi mí pé ta ló kọ́ wa ní ẹ̀kọ́ yìí. Mo ní obìnrin kan láti Àkúrẹ́ ni. Wọ́n ní kí Ọlọ́run bùkún un. Mo ṣe àmín sí ìyẹn náà.

Láti ìgbà yẹn, kò sẹ́ni tó lè rí Màmá bá sọ̀rọ̀ ní ọ̀sán Ọjọ́rú. Wọ́n ń sùn. Obìnrin tó fi àádọ́ta ọdún jí ní aago márùn-ún ìdájí. Lọ́sẹ̀ àkọ́kọ́, Àǹtí Èkó pè títí, ẹ̀rù bà wọ́n, wọ́n ní kí aládùúgbò lọ kan ilẹ̀kùn. Màmá yọjú lójú fèrèsé, wọ́n ní, "Ẹ sọ fún un pé mo ń ṣe ohun tí ìyàwó mi kọ́ mi." Nígbà tí mo gbọ́, mo rẹ́rìn-ín, mo sì wólẹ̀ nínú yàrá mi, mo bẹ Ọlọ́run.

Ẹ jọ̀ọ́, ẹ fara balẹ̀ gbọ́ èyí tó kù. Ní oṣù díẹ̀ sẹ́yìn, ọmọ Àǹtí Èkó gbéyàwó, yàrá tí mo bá wọn gbà pọ̀, pọ́íǹtì sì tún kún. N kò tíì pinnu ohun tí n ó fi ṣe nígbà tí Màmá pè mí.

"Ìyàwó mi, àpérò tọdún yìí ńkọ́? Èmi náà ń bá ọ lọ. Mo ti ra ìwé tuntun, mo ti fa ìlà sí i."

Mo fẹ́ sọ pé wọn kò ṣe é lọ́dún yìí. Ọ̀rọ̀ náà ti dé ètè mi. Ohun kan ló wá sọ sí mi lọ́kàn. Ta ló ni pọ́íǹtì yìí gan-an? Àwọn ọmọ ló sanwó, lóòótọ́, ṣùgbọ́n torí ta ni wọ́n ṣe ń wálé? Torí Màmá ni. Wọ́n ń sùn lórí aṣọ funfun ní Àkúrẹ́, Màmá á wà nídìí ààrò ní Oǹdó, wọ́n á máa dín ẹran sílẹ̀ dè wọ́n. Wọn kò tẹ ẹsẹ̀ sínú òtẹ́ẹ̀lì yẹn rí. Mo ti pè wọ́n lẹ́ẹ̀kan, wọ́n ní, "Bí mo bá wá síbẹ̀, ta ni yóò se oúnjẹ?"

Mo ní kò burú, Màmá, a ó jọ lọ.

Mo gba yàrá fún èèyàn méjì, ọjọ́ Ìṣẹ́gun tó ń bọ̀ yìí. Wàhálà tún bẹ̀rẹ̀. Wọ́n ní kí n kọ orúkọ ẹnìkejì bó ṣe wà lórí káàdì ìdánimọ̀ rẹ̀. Ọdún mọ́kàndínlógún, mo kàn ń pè wọ́n ní Màmá ni. Orúkọ ìdílé nìkan ni mo mọ̀ dájú. Ìyàwó wo ló ń béèrè orúkọ ìyá ọkọ? Mo jókòó ti fóònù náà títí ó fi pa ara rẹ̀. Kò sí ọ̀nà mìíràn, mo lọ bá ọkọ mi.

"Kí lo fẹ́ fi orúkọ ìyá mi ṣe?"

Mo kúnlẹ̀. Mo sọ gbogbo rẹ̀, láti orí nọ́ńbà dé orí gaàrí. Ó rẹ́rìn-ín títí omi fi jáde lójú rẹ̀. Ó ní, "Òtẹ́ẹ̀lì tó wà lẹ́yìnkùlé wa yìí?" Ó tún rẹ́rìn-ín. Ó pe Àǹtí Èkó àti Bọ̀dá Àbújá níwájú mi, mo bẹ̀ wọ́n, àwọn náà sì ní kí n máa fi pọ́íǹtì jẹun lọ, pé ṣebí èmi ni mò ń sáré. Ọkọ mi wá nu omi ojú rẹ̀ nù. Ó ní, "Àwọn tó sanwó ti dárí jì ọ́. Ṣùgbọ́n Màmá lo jẹ́ kí wọ́n wọ ọkọ̀ wá fọ aṣọ àwọn ọmọ ẹ. Ìwọ lo máa sọ fún wọn. N kò ní bá ọ sọ ọ́." Ó kọ orúkọ wọn sí bébà fún mi. Orúkọ tó dára ni.

Bí ẹnikẹ́ni bá bi mí lónìí bóyá fífi pọ́íǹtì sùn ní òtẹ́ẹ̀lì olówó ńlá tó wàhálà tó wà nídìí rẹ̀, n ó sọ pé ẹni tó lówó lọ́wọ́, kó yáa sanwó, kó lọ sùn. Ara á tù ú jù. Ṣùgbọ́n fún irú wa, ó tó o. Bó bá jẹ́ owó ni wọ́n kó fún mi, ìwé ọmọ ni, ìrẹsì ni, n kò ní fi sùn láéláé. Pọ́íǹtì kò ṣeé fi ra ìrẹsì. Oorun nìkan ló ṣeé fi rà, ìdí nìyẹn tí mo fi rí oorun rà.

Ohun tó ń bà mí lẹ́rù kì í ṣe pé Màmá á bínú. Wọ́n lè bínú, ó tọ́ sí mi. Ẹ̀rù tó ń bà mí ni pé bí wọ́n bá gbọ́ pé orí irọ́ ni ẹ̀kọ́ yẹn ti wá, wọ́n lè tún bẹ̀rẹ̀ sí í dìde ní ọ̀sán Ọjọ́rú, kí wọ́n má sì gbà mí gbọ́ mọ́. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ gbà mí nímọ̀ràn. Ṣé kí n sọ ọ́ lórí fóònù kí wọ́n tó kúrò ní Oǹdó? Ṣé kí n sọ ọ́ nínú mọ́tò? Àbí kí n jẹ́ kí wọ́n kọ́kọ́ sùn lórí bẹ́ẹ̀dì yẹn, kí n wá kúnlẹ̀ nígbà tí wọ́n bá jí?

Bí mo ṣe ń kọ èyí lọ́wọ́, Màmá tún pè. Wọ́n ń di ẹrù. Wọ́n ní ẹ̀yìn ń dùn wọ́n díẹ̀, ṣé àwọn tó ń ṣe àpérò máa ń fún èèyàn ní ibi tó dára sùn, àbí kí àwọn gbé ẹní àwọn dání.

Mo ní, "Màmá, ẹ má gbé ẹní. Bẹ́ẹ̀dì wà, ó fẹ̀, ó sì rọ̀."

Nínú gbogbo ohun tí mo ti sọ fún wọn nípa àpérò yìí, gbólóhùn òtítọ́ àkọ́kọ́ nìyẹn. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ̀yin èèyàn mi, báwo ni kí n ṣe sọ ìyókù?